Oṣù ni kí ẹ máa kà fún mọ́tò yín

Láàárín àwọn onímọ́tò ní Banigbé àti káàkiri Ifangni ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èrò kan wà tí kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn mọ́: pé ìrìn ló ń ba mọ́tò jẹ́, àti pé mọ́tò tí kò bá rìn jìnnà kò nílò ìtọ́jú púpọ̀. Onítasí tó ń ná Àjàṣẹ́ lójoojúmọ́, òun ni wọ́n ní kó máa yí ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n olùkọ́, oníṣòwò epo pupa, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìsìn àti ọjọ́ ìnáwó ló ń gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde, wọn á ní kó fọkàn balẹ̀. "Kí ló tíì rìn?" Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń pa gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú lẹ́nu mọ́. Bí kìlómítà tí mẹkáníìkì kọ síwèé kò bá tíì pé, ọdún kan lè kọjá, èkejì lè tẹ̀ lé e, ọ́ìlì kan náà ni yóò wà nínú ẹ́ńjìnnì, omi bíréèkì kan náà, táyà kan náà. Mo takò èrò yìí tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́. Bí a ṣe ń lo mọ́tò ní agbègbè yìí, mọ́tò tó ń rìn níwọ̀nba wà lára àwọn tó yẹ kí a máa tọ́jú jù lọ, oṣù ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ kà fún un kí a tó wo mítà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróòlù tó bá jóná kì í di èéfín nìkan, omi náà ń ti ara rẹ̀ jáde: lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná tán ń mú omi tó tó lítà kan wá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, omi yìí á di oru, á bá èéfín gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí irin ṣì tutù, tí rìǹgì písítìn kò tíì fẹ̀ dé ibi tó yẹ kó fẹ̀ dé, díẹ̀ nínú omi náà, pẹ̀lú bẹntiróòlù tí kò jóná tán, á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìn sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Mọ́tò tó ń lọ sí Kútọnu á gbóná pẹ́ títí tí gbogbo ìyẹn yóò fi gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì kó tó débẹ̀. Èyí tó lọ láti ilé dé ọjà, tó dúró níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, tó tún tutù padà sílé, kò ní àǹfààní yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọwọ́ tó ń fi ooru hàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù tan ara rẹ̀ jẹ. Omi rádíétọ̀ ni ọwọ́ yẹn ń wọ̀n, omi yìí sì máa ń gbóná ṣáájú ọ́ìlì. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ọ́ìlì á wá máa dàpọ̀ mọ́ ìdọ̀tí iná, wọ́n á di ásíìdì tó ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí lórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí kò kúrò láàárín ìlú láti oṣù mẹ́ta, kó yí inú ìdérí náà sókè. Bó bá rí nǹkan tó funfun rúsúrúsú, tó ki bí ògì tó ti ń dì, omi ló ti wọnú ọ́ìlì yẹn. Nígbà mìíràn gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó ló ń fà á, mẹkáníìkì sì gbọ́dọ̀ yẹ ìyẹn wò. Ṣùgbọ́n lára mọ́tò tí omi rádíétọ̀ rẹ̀ kò dín, ìrìn kúkúrú ló sábà máa ń fà á.

Wọn á ní, "Mo fa géèjì yọ, ọ́ìlì mi ṣì mọ́." Àwọ̀ kì í sọ púpọ̀ nípa ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó tètè dúdú lè jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, tó ń kó ìdọ̀tí mọ́ra kó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ohun tó ń gbó nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí: àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn láti pa ásíìdì, láti fọ ìdọ̀tí, láti má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sọ ọ́ di kíki. Èròjà wọ̀nyí ń tán bí omi àti bẹntiróòlù ṣe ń wọlé, yálà mọ́tò rìn 500 kìlómítà láàárín oṣù mẹ́fà tàbí ó rìn 5,000. Géèjì ń sọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, ó sì yẹ kí a máa fà á yọ léraléra nítorí ìyẹn. Kò lè sọ ọjọ́ orí ọ́ìlì fún wa.

Àwọn tó ṣe mọ́tò fúnra wọn mọ èyí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé ìlò tí Honda ṣe fún àwọn Civic tó tà ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ètò ìtọ́jú méjì ló wà. Èkíní wà fún ìlò tó rọrùn: kí a yí ọ́ìlì ní 16,000 kìlómítà tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Èkejì wà fún ìlò tó le: 8,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kà sí ìlò tó le: ìrìn tí kò pé kìlómítà 8 lẹ́ẹ̀kan, ooru tó ju 32 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, kí mọ́tò máa dúró lórí iná pẹ́ títí tàbí kó máa dúró kó máa lọ, ẹrù lórí òrùlé, ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tàbí eléruku. Toyota náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀nà eléruku. Kí onímọ́tò Banigbé wá fi ìlò tirẹ̀ wé e. Láti ilé dé ọjà, dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, dé ilé ìwé, mélòó ló pé kìlómítà 8? Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀sán wo ni kì í ju 32 lọ? Bí a bá ti kúrò lójú ọ̀dà, ilẹ̀ pupa ni, nígbà ọyẹ́ eruku rẹ̀ á bo ewé ọ̀pẹ mọ́lẹ̀, nígbà òjò á di ẹrẹ̀. Èyí tí à ń pè ní "ìlò wọ́ọ́rọ́wọ́" níhìn-ín, ìlò líle ni lójú ẹni tó ṣe mọ́tò náà. Ó wá ṣeni láàánú pé onítasí tó ń sáré lórí ọ̀dà láti Àjàṣẹ́ dé Ìgólò, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná dáadáa lójoojúmọ́, ni a rò pé ó ń fìyà jẹ mọ́tò, tí a sì rò pé mọ́tò tó ń rákò láàárín ìlú ń gbádùn.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni òyìnbó kọ ìwé wọ̀nyí fún, àti pé níhìn-ín tí òwúrọ̀ pàápàá ń mú ooru wá, ẹ́ńjìnnì kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, omi tó ń wọnú ọ́ìlì kò sì lè pọ̀ tó tiwọn. Òótọ́ ni, ẹ́ńjìnnì tiwa ń tètè gbóná ju ti ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ooru fi ọwọ́ kan fún wa, ó ń fi ọwọ́ kejì gbà á. Ẹ wo bátìrì. Iṣẹ́ inú bátìrì ń yára bí ooru bá ti ń pọ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ sì ń kúrú bákan náà, bóyá mọ́tò ń rìn tàbí ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Bátìrì mọ́tò tó dúró láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta ń dín kù fúnra rẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wá rìn lọ́jọ́ Àìkú kò sì ní dá ohun tó lò láti jí ẹ́ńjìnnì padà. Báyìí ni bátìrì onítasí ṣe ń pẹ́ ju ti ẹni tí kì í rìn lọ, tí ẹni yẹn á sì máa bú ẹni tó ta bátìrì fún un. Ooru náà ló ń jẹ́ kí rọ́bà ọ̀pá omi, bẹ́líìtì àti táyà gbẹ, kí wọ́n sì ya. Eruku wá jẹ́ ìyà tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ rárá. Yanrìn kíkúnná tó wà nínú ilẹ̀ pupa wa le tó láti ha ara sìlíńdà. Fílítà afẹ́fẹ́ nìkan ló dúró láàárín àwọn méjèèjì. Àṣà wa ni pé bí fílítà bá dọ̀tí, a ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, a ó sì dá a padà. Pépà ni fílítà yẹn. Afẹ́fẹ́ tó le bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún sábà máa ń fẹ́ láti ìta sínú, lè lu ihò wẹ́wẹ́ sí i tí ojú kò rí, eruku á wá máa gba ibẹ̀ wọlé láìsí ìdíwọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù gan-an tún wà. Kpayo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, epo tó ń gba ẹnu ibodè wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò àti nínú ṣágo ńlá létí ọ̀nà. Mi ò bá ẹni tó ń rà á wí. Mo mọ bí ilé epo ṣe jìnnà síra ní abúlé. Àmọ́ ohun tí a bá mọ̀ pé ó lè ní omi àti ìdọ̀tí nínú, ó yẹ kí a máa tọ́jú mọ́tò bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ Nàìjíríà kó bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́jà lẹ́yìn tó ti ba mọ́tò jẹ́ ní Èkó àti Àbújá, ilẹ̀ yẹn kan náà sì ni kpayo ti ń wá. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lítà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Táǹkì tó ń gbé ní òfìfo bẹ́ẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ olómi sínú. Pọ́ǹpù tó wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé bẹntiróòlù tó yí i ká ló ń tù ú, á máa gbóná, á sì máa fa èérí ìsàlẹ̀. Lára mọ́tò tí kì í rìn, epo yẹn á tún pẹ́ nínú táǹkì: èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á ki, á máa lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí epo ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì. Fílítà bẹntiróòlù tí ìwé ní kí a yí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kìlómítà kò lè dúró de kìlómítà yẹn níhìn-ín.

Ní ti omi bíréèkì, ó yẹ kí ẹ̀rù máa ba ẹni tó ń ka kìlómítà nìkan. Omi yìí máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Òfin tó wà fún irú omi bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4 ni pé tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius ó kéré tán. Lẹ́yìn tó bá ti mu omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 155 ni òdiwọ̀n tó kéré jù di. Nígbà tí bíréèkì bá ṣiṣẹ́ léraléra tí omi náà sì hó, oru á kún inú ọ̀pá, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlé dé ilẹ̀ láìsí pé mọ́tò dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́tò fi sọ pé kí a yí i ní ọdún méjì méjì, láìmẹ́nu kan iye kìlómítà. Ọ̀rinrin kì í ka mítà, afẹ́fẹ́ ìhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀ sì ní ọ̀rinrin tó pọ̀. Mọ́tò mélòó ló wà láàárín wa tí a kò yí omi bíréèkì rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti kúrò ní èbúté Kútọnu? Ohun tí a mọ̀ ni pé kí a rọ díẹ̀ kún un bó bá dín, èyí tó ti gbó á sì wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà nínú àpótí kékeré kan. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Michelin sọ pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àti pé kí a yọ ọ́ kúrò bó bá pé ọdún mẹ́wàá, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì jìn dáadáa. Èyí ló máa ń pa onímọ́tò tí kì í rìn. Táyà onítasí á ti jẹ tán kó tó gbó, yóò sì pààrọ̀ rẹ̀. Táyà tiwa kì í jẹ tán, torí náà a ń wo ojú rẹ̀ tó jìn, inú wa ń dùn, rọ́bà rẹ̀ sì ti gbẹ láti inú wá. Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa: Nàìjíríà ti ẹnu ibodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Mọ́tò tó jẹ́ pé ìrìn ọjà òdìkejì ààlà ni wọ́n fi ń ṣe, mítà rẹ̀ lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan ní gbogbo ọdún méjì àbọ̀ yẹn. Lójú ẹni tó ń ka kìlómítà, mọ́tò náà kò dàgbà rárá. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀, omi bíréèkì rẹ̀, bẹ́líìtì tó ń yí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ fi ọdún méjì àbọ̀ gbó bíi ti gbogbo ayé.

Mítà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ta ló lè búra fún un? Àjọ UNEP tó ń bójú tó àyíká kéde ní ọdún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mọ́tò àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, àti pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló wá sí Áfíríkà. Ní ọdún kan náà, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba Netherlands rí i pé púpọ̀ nínú mọ́tò tó ń ti èbúté wọn bọ̀ wá sí Áfíríkà ti pé ọdún 16 sí 20, púpọ̀ ni kò sì ní ìwé àyẹ̀wò tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Kútọnu wà lára èbúté tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Dídá mítà padà sẹ́yìn kì í ṣe àṣírí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti ra mọ́tò rí. Ẹni tó wá fi nọ́ńbà tí kò mọ orísun rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún ìtọ́jú mọ́tò rẹ̀ ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé orí irọ́ tí ẹlòmíràn pa. Oṣù ò ṣeé dá padà.

Mo mọ̀ pé owó ni ìdáhùn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á ní fidáńjì, ìyẹn yíyí ọ́ìlì, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà wà fún olówó, kì í ṣe fún ẹni tó ń fi oṣù kan fa èkejì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mọ́tò tó ń rìn 5,000 kìlómítà lọ́dún, tó ń mu lítà 8 fún 100 kìlómítà, yóò mu lítà bẹntiróòlù 400. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń gba lítà ọ́ìlì mẹ́rin, tí a sì yí i lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, lítà ọ́ìlì mẹ́jọ nìyẹn: lítà ọ́ìlì kan sí àádọ́ta lítà bẹntiróòlù. Kódà bí lítà ọ́ìlì kan bá wọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin lítà bẹntiróòlù, ohun tí ọ́ìlì yóò gbà lọ́dún kò ju sẹ́fà 8 lọ lórí 100 sẹ́fà tí a ná sórí bẹntiróòlù. Ẹ fi fílítà kún un, kò tíì dé ibi tí ẹni tó lè ra epo kò fi ní lè rà á. Ẹni tó bá ń rìn tó 2,000 kìlómítà péré lọ́dún á sọ pé ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀, òótọ́ sì ni: lítà bẹntiróòlù 160 ni yóò jó, ọ́ìlì á wá dà bí èyí tó pọ̀ jù. Bó bá ń gbé mọ́tò náà jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù dé Àjàṣẹ́ kó lè gbóná dáadáa, mo gbà kó yí ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kó má kọjá ọdún kan. Ní òdìkejì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó bá "nọ́ọ̀kì" kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Àlòkù ni a ó fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí a kò mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣe lò ó, owó ọdún púpọ̀ ọ́ìlì ni a ó sì san lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí mọ́tò ti dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn àgbà máa ń mú Peugeot 504 wá bí ẹ̀rí. Wọ́n ní mọ́tò yẹn, tó jáde ní 1968, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní Nàìjíríà lọ́dún 1975, gba gbogbo ọ̀nà burúkú ilẹ̀ wa kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ka oṣù. Mo bọ̀wọ̀ fún 504. Ṣùgbọ́n ṣéènì irin ló ń yí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà. Kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣeé tú sórí pépà létí ọ̀nà. Ìwé ìlò rẹ̀ sì béèrè ìtọ́jú léraléra ju ti mọ́tò òde òní lọ. Kì í ṣe mọ́tò yẹn ló ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu mọ́. Ẹ́ńjìnnì 1.6 HDi tó wà nínú ọ̀pọ̀ Peugeot àti Citroën àlòkù, ọ̀pá tóóró tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́ọ̀bò rẹ̀ máa ń dí bí a bá jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ jù, tọ́ọ̀bò á sì kú. Ti 1.2 PureTech tún tẹ̀ lé e: inú ọ́ìlì gan-an ni bẹ́líìtì rẹ̀ wà, bẹntiróòlù tó bá yọ́ wọnú ọ́ìlì yẹn á máa jẹ rọ́bà rẹ̀, èérún rẹ̀ á sì dí ibi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní láti dín àkókò pípààrọ̀ bẹ́líìtì náà kù láti ọdún mẹ́wàá sí mẹ́fà. Ní ilẹ̀ Faransé tí ọ̀nà ti dára tí epo sì mọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Irú mọ́tò yìí ni ọmọ ẹni tó ni 504 fẹ́ máa lò bí bàbá rẹ̀ ṣe lo 504.

Ẹlòmíràn á fa ìwé vìsítì tẹ́kìníìkì yọ: CNSR, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, ti yẹ mọ́tò òun wò, ó yege. Àyẹ̀wò yẹn dára, ó sì yẹ kó wà. Bíréèkì ń mú lọ́jọ́ náà, iná ń tàn, ìdarí kò mì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ọdún tí a ti rọ omi bíréèkì, tàbí kí wọ́n tú ìdérí bẹ́líìtì láti wo bó ṣe ya tó. Ẹni tó fi ìwé náà rọ́pò ìtọ́jú ń béèrè ohun tí a kò fi rán an lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtakò tó kù ni èyí tó ń dùn mí jù, nítorí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀: pé bí a bá fi ẹnu ara wa sọ fún mẹkáníìkì pé a fẹ́ tọ́jú mọ́tò tí kò bàjẹ́, a ti fún un láyè láti jẹ wá. Àwọn kan wà tí wọn á ta ọṣẹ tí a fi ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, ìgò àdàlù tó ń "jí" ọ́ìlì, tàbí tí wọn á ní kí a yí púlọ́ọ̀gì tí kò tíì tó yí. Kò sí èyí nínú ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ́ìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ìwé mọ́tò mu, fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ àti ti epo, omi bíréèkì ní ọdún méjì méjì, omi rádíétọ̀ tó jẹ́ ojúlówó dípò omi kànga tó ń mú kí inú rẹ̀ dípẹtà, bẹ́líìtì ní iye ọdún tí ìwé sọ, táyà ní ọjọ́ orí rẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú mọ́tò tó ń rìn níwọ̀nba kò jù báyìí lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lórí, tó ra ọ́ìlì àti fílítà fúnra rẹ̀, tó sì dúró nígbà tí wọ́n ń yí i, ó ṣòro láti rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó ń dúró di ìgbà tí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà ló wà lábẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì pátápátá, torí kò mọ ohun tó ṣe é, ó ń kánjú, kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbé e lọ.

Lẹ́yìn fidáńjì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa máa ń so pépà kékeré kan mọ́ inú ẹ́ńjìnnì tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kìlómítà tí a fi ṣe é àti kìlómítà tí a ó padà wá ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Bí mọ́tò tó ń rìn 3,000 kìlómítà lọ́dún bá gba pépà tó ní kó padà wá lẹ́yìn 7,000, ọdún méjì ó lé ni wọ́n dá fún un yẹn, láìsí pé onímọ́tò tàbí ọ̀gá náà rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ń bẹ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, ní Banigbé, ní Ìgólò, dé Ṣàkẹ́tẹ́, pé kí wọ́n máa kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i, pẹ̀lú oṣù tí onímọ́tò gbọ́dọ̀ padà wá, kí wọ́n sì máa sọ fún un pé èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni kó gbé e wá fún. Bí ọ̀gá bá gbàgbé láti kọ ọ́, kí onímọ́tò yá bírò lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó sanwó.